Lẹ́yìn Tí Awalẹ̀pìtàn Bá Kó Irinṣẹ́ Rẹ̀ Lọ

     

Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo gbé wá. Bí àwọn awalẹ̀pìtàn bá ti wa ilẹ̀ tán, tí wọ́n ti ya fọ́tò, tí wọ́n ti kó ohun tí wọ́n rí sínú ọ̀rá, tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí i lára, tí ọkọ̀ wọn sì ti gbéra padà sí yunifásítì, ta ni ó kù sórí ilẹ̀ yẹn? Ta sì ni ó kọ́ onítọ̀hún ní iṣẹ́ tí yóò máa ṣe?

N ó sọ ìdáhùn mi ná kí n tó gbé ẹ̀rí kalẹ̀, kí ẹ lè fà mí padà bí mo bá ṣìnà. Ẹni tó ń dúró ti ilẹ̀ ni ó yẹ kí a kọ́ ṣáájú, orí ilẹ̀ náà gan-an ni ó sì yẹ kí a ti kọ́ ọ. Ẹni tó ń wá tó sì ń lọ ni àwa ti ń kọ́ láti ọjọ́ yìí, inú kíláàsì ni a sì ti ń kọ́ ọ. N kò ní kí a má kọ́ ọ mọ́ o. Èmi náà wà lára wọn.

1. Kí ni ojúko, kí sì ni ìtọ́jú rẹ̀?

Ojúko ìṣẹ̀ǹbáyé kì í ṣe ohun tí a hú jáde nínú ilẹ̀. Orí idẹ tó wà nínú àpótí gíláàsì kì í ṣe ojúko. Inú ojúko ló ti jáde wá. Ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ni ojúko, pẹ̀lú gbogbo ohun tí àwọn tó gbé orí rẹ̀ fi sílẹ̀ àti bí wọ́n ṣe fi í sílẹ̀: eérú lórí àpáàdì, àpáàdì lórí ihò òpó, ihò òpó nínú ilẹ̀ tó ti wà kí ẹnikẹ́ni tó kọ́lé síbẹ̀. Bí nǹkan wọ̀nyí ṣe tò léra ni awalẹ̀pìtàn ń kà. Bí olè bá jí orí idẹ kan gbé, ó ṣeé ṣe kí a rí i gbà padà. Ọ̀kan tí wọ́n jí gbé ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Jos ní ọdún 1987 yọjú ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù ní 2007. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí ẹnì kan bá ti tú ká kò ní í tò padà mọ́, bí ohun gbogbo tó wà nínú rẹ̀ tilẹ̀ pé pérépéré.

Ìdí nìyí tí mo fi máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé ìwalẹ̀ gan-an ń ba ojúko jẹ́. A kì í wa ibì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Awalẹ̀pìtàn tó mọṣẹ́ máa ń fi àkọsílẹ̀, àwòrán àti ìwọ̀n rọ́pò ohun tó bàjẹ́. Èyí tí kò mọṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ẹni tó ń wá ìlẹ̀kẹ̀ tà, àfi ti lẹ́tà àṣẹ tó wà lápò rẹ̀.

Ìtọ́jú ńkọ́? Iṣẹ́ mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń pè bẹ́ẹ̀. Èkíní ni kí a máa dènà ohun tó ń ba nǹkan jẹ́, kí ìbàjẹ́ rẹ̀ lè falẹ̀. Èkejì ni kí a tún ibi tó ti fọ́ ṣe. Ẹ̀kẹta ni kí a kọ́ ọ padà bí ẹni pé kò bàjẹ́ rí. Ẹ̀kẹta yìí ni àwọn olóṣèlú fẹ́ràn, nítorí pé ó ṣeé yà ní fọ́tò. Èkíní ni mo ń pè ní ìtọ́jú lónìí. Kò ní ohun tí a ń yà ní fọ́tò nínú: a gé koríko, a la gọ́tà, a yí etí òrùlé kúrò níbi tí omi ti ń kán sí i, a kọ ọ́ sínú ìwé pé a ti ṣe é. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e a tún ṣe é.

Amọṣẹ́ sì ni ẹni tó mọ ohun tó yẹ kí ó ṣe, tó mọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe, tó sì mọ ẹni tí yóò ké sí nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kọjá agbára rẹ̀. Ẹ bá mi fi èyí sọ́kàn. Ẹ ó rí i pé n kò dárúkọ ìwé ẹ̀rí kankan.

2. Ohun tí ilẹ̀ ń béèrè

N kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí máa fò lókè, nítorí náà ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí a wo ilẹ̀ àpáàdì Ilé-Ifẹ̀.

Àwọn ará Ifẹ̀ so ó mọ́ orúkọ Lúwo, Ọ̀ọ̀ni obìnrin tí ìtàn sọ pé kò fẹ́ kí ẹrẹ̀ kan ẹsẹ̀ òun. Ọgbọ́n wà nínú iṣẹ́ náà. Wọn kò tẹ́ àpáàdì yẹn pẹlẹbẹ bí a ti ń tẹ́ táìsì. Ńṣe ni wọ́n gún un sínú ilẹ̀ rírọ̀ ní ẹ̀gbẹ́, ọ̀kan fara ti èkejì, ìlà kan yí sọ́tùn-ún, èyí tó tẹ̀lé e yí sósì bí egungun ẹja. Níbòmíràn wọ́n to òkúta funfun wẹ́wẹ́ sáàárín rẹ̀. Ó di àgbàlá, ó di ojú ọ̀nà. Níbòmíràn ó di ojúbọ, tí wọ́n ri ọrùn ìkòkò mọ́ àárín rẹ̀ fún omi títa sílẹ̀.

Nígbà tí iyẹ̀pẹ̀ bò ó, ó sinmi fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún. Oòrùn kò rí i, ọ̀rinrin rẹ̀ kò lọ sókè-sódò. Ọjọ́ tí a ṣí i ni wàhálà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Òjò àkọ́kọ́ fọ amọ̀ tó wà láàárín àpáàdì lọ, àpáàdì bẹ̀rẹ̀ sí mì bí eyín arúgbó. Ọyẹ́ dé, ilẹ̀ gbẹ, ó sán. Òjò kejì gba inú sísán yẹn wọlé. Koríko hù, gbòǹgbò rẹ̀ ń ti nǹkan sókè. Ewúrẹ́ gun un. Ọmọdé tó ń lọ sí ilé ìwé yọ ẹyọ kan, ó jù ú nù; ta ni yóò bá a wí? Òun kọ́ ló ṣí i.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, ẹnì kan tó ní ọkàn rere yóò wá gbé sìmẹ́ǹtì dé. Mo ti rí ibì kan, n kò ní í dárúkọ rẹ̀, tí wọ́n po kọnkéré yí etí ilẹ̀ àpáàdì ká, tí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kùn ún. Ojú rí i pé ó mọ́ tónítóní. Ṣùgbọ́n sìmẹ́ǹtì le ju àpáàdì lọ. Bí oòrùn bá mú àwọn méjèèjì, tí ilẹ̀ fà wọ́n, èyí tó rọ̀ ni yóò fọ́. Omi abẹ́ ilẹ̀ tó ń wá ọ̀nà jáde kò ní í gba inú sìmẹ́ǹtì. Yóò yà sínú àpáàdì, yóò gbé iyọ̀ lọ́wọ́, iyọ̀ náà yóò gbẹ sójú rẹ̀, ojú àpáàdì yóò sì máa bó bí awọ ara. Ẹni tó gbé sìmẹ́ǹtì wá kò ṣe ibi lọ́kàn. Kò sí ẹni tó kọ́ ọ ni.

Kí ni à bá ti ṣe? Lọ́pọ̀ ìgbà, kí a bò ó padà ni. Aṣọ tó ń jẹ́ kí omi kọjá ni a ó kọ́kọ́ tẹ́ lé e, kí ẹni tó bá tún dé ibẹ̀ lọ́jọ́ iwájú lè mọ ibi tí iṣẹ́ àtijọ́ bẹ̀rẹ̀. Iyanrìn tí a ti sẹ́ yóò tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà iyẹ̀pẹ̀, a ó wá gbin koríko tí gbòǹgbò rẹ̀ kì í jìn. Èyí ni ẹ̀kọ́ tó ṣòro jù lọ láti kọ́ ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba oyè. Ó fẹ́ kí ayé rí ohun tí ó rí. Kò sí gómìnà tó máa ń wá gé rìbọ́nnì lórí koríko.

Ilẹ̀ tí a bò pàápàá ń fẹ́ alábòójútó. Ta ni yóò hú igi tí ẹyẹ gbin síbẹ̀ kí gbòǹgbò rẹ̀ tó wọlẹ̀? Ta ni yóò mọ̀ pé agbára òjò ti ń gba ibẹ̀ kọjá láti ìgbà tí aládùúgbò ti yí gọ́tà rẹ̀? Ẹni tó wà níbẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì òjò ni. Ọ̀jọ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀ nígbà náà.

3. Bí a ti ṣe ń kọ́ni títí di òní

A kò lè sọ pé a kò ṣe nǹkan kan. Ní ọdún 1943, ìjọba amúnisìn fi Kenneth Murray, olùkọ́ iṣẹ́ ọnà, ṣe olórí iṣẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Nàìjíríà. Èsìẹ́ ni a kọ́kọ́ kọ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé sí ní ilẹ̀ yìí, ní 1945, nítorí àwọn ère òkúta rẹ̀. Jos tẹ̀lé e ní 1952, lẹ́yìn náà Ifẹ̀, lẹ́yìn náà Èkó. Òfin ohun ìṣẹ̀ǹbáyé jáde ní 1953. Ní 1963, UNESCO àti ìjọba wa dá ibi ìkẹ́kọ̀ọ́ kan sílẹ̀ ní Jos fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ni wọ́n sì fi ń kọ́ni, kí àwọn ará Áfíríkà tó yí wa ká lè bá wa jókòó. Thurstan Shaw gbin ìmọ̀ ìwalẹ̀pìtàn sí Yunifásítì Ìbàdàn. Ekpo Eyo di ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó darí ẹ̀ka ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, òun ló sì wa ilẹ̀ Igbó Ọlájà ní Ọ̀wọ̀. Òfin kẹtàdínlọ́gọ́rin ti ọdún 1979 ló sọ ẹ̀ka náà di àjọ tó ń rí sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí orílẹ̀-èdè.

Bí ẹ bá wo gbogbo èyí dáadáa, ẹ ó rí ibi tó tẹ̀ sí. Ọ̀nà méjì ni: ìwalẹ̀, àti ìtọ́jú ohun tí a ti kó wọ ilé. Ilẹ̀ tí a ti hú nǹkan jáde kò ní olùkọ́ tirẹ̀.

Ìṣòro yìí kì í ṣe tiwa nìkan. Àjọ ICCROM tó ń rí sí ìtọ́jú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, tí UNESCO dá sílẹ̀ ní 1956, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Róòmù, ṣe ètò kan tó ń jẹ́ PREMA láti 1986 di 2000 fún àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Áfíríkà. Ètò tó lágbára ni. Ṣùgbọ́n ohun inú ilé ni wọ́n gbájú mọ́. Àwọn tó ṣe é gan-an rí àlàfo yẹn, ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ èkejì ní 1998, Africa 2009, fún ohun tí kò ṣeé gbé: ilé, ilẹ̀, igbó, ìlú. Ní ọdún 1998 yẹn náà ni wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ kan sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́ tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, École du Patrimoine Africain, tó ń kọ́ àwọn tó gbọ́ Faransé. Ilé ẹ̀kọ́ mìíràn tó wà ní Mombasa ní ilẹ̀ Kẹ́ńyà sì ń kọ́ àwọn tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àjàṣẹ́ ò jìnnà sí wa. Ẹni tó jẹun àárọ̀ ní Badagry lè jẹ ọ̀sán níbẹ̀, bí àwọn aṣọ́bodè bá gbà fún un.

Ibi tí mo fẹ́ kí a wò pẹ́ díẹ̀ ni Àbómẹ̀ ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí ààfin àwọn ọba Dahomey wà. Ìjì jà níbẹ̀ ní oṣù kẹta ọdún 1984. Ní 1985, UNESCO fi ààfin náà sínú ìwé ogún àgbáyé, ó sì fi í sínú ìwé àwọn tó wà nínú ewu ní ọdún yẹn kan náà. Ara ògiri ààfin ọba Glele ni àwọn àwòrán tó yọ síta wà, amọ̀ òkìtì ikán tí a fi epo pupa pò ni wọ́n fi mọ wọ́n. Ní 1988, nígbà tí wọ́n fẹ́ wó ilé kan níbẹ̀ kí wọ́n tún un kọ́, wọ́n gé àwọn àwòrán náà kúrò lára ògiri. Àjọ Getty ti Los Angeles àti ìjọba Bẹ̀nẹ̀ wá fọwọ́ sowọ́ pọ̀ láti 1993 di 1997 láti tọ́jú wọn. Ohun tó wù mí nínú iṣẹ́ náà ni pé àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ tí wọ́n ń kọ́ ni wọ́n ń ṣe é bí wọ́n ti ń kọ́ ọ, lórí àwòrán náà gan-an, nínú ààfin náà gan-an. Àwòrán tó wà níwájú akẹ́kọ̀ọ́ ni ìwé rẹ̀, bíbó tó ń bó sì ni ìdánwò rẹ̀. Ní 2007, wọ́n yọ Àbómẹ̀ kúrò nínú ìwé ewu.

Ṣé ó ti bọ́ pátápátá? Rárá. Iná jó àwọn òrùlé koríko kan níbẹ̀ ní 2009. Ilé amọ̀ kì í bọ́ lọ́wọ́ ewu, ojoojúmọ́ là ń bá a jà. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ wà láàárín ibi tí iná ti jó, tí a sì ní ẹni tó mọ ògiri náà ní mọ̀ńbé, àti ibi tí a ó ti dúró de àlejò láti òkèèrè. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

4. Ta ló kọ́kọ́ ń rí nǹkan?

Ẹ jẹ́ kí n bi yín: ta ló rí àwọn orí idẹ Ifẹ̀? Ìwé yóò dárúkọ àwọn ọ̀mọ̀wé fún yín. Ṣùgbọ́n ní 1938, ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lẹ́bàá ààfin, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ló kàn wọ́n. Ní Ìta Yemòó, ní 1957, àwọn lébìrà tó ń tẹ́ ilẹ̀ fún ilé kíkọ́ ni ọkọ́ wọn ba idẹ. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni awalẹ̀pìtàn Frank Willett dé láti wa ibẹ̀ bó ti yẹ. Igbo-Ukwu ní ilẹ̀ Ìgbò ńkọ́? Ọkùnrin kan tó ń gbẹ́ ibi tí yóò máa gbá omi òjò jọ sí ló rí nǹkan níbẹ̀, ogún ọdún sì kọjá kí Shaw tó wá.

Ọwọ́ tó kọ́kọ́ kan nǹkan, ọwọ́ bíríkìlà ni. Síbẹ̀ a kò ka bíríkìlà sí akẹ́kọ̀ọ́ wa. Bí bíríkìlà kan ní Ifẹ̀ lónìí bá rí ilẹ̀ àpáàdì ní ìsàlẹ̀ ìpìlẹ̀, ọ̀nà méjì ló mọ̀: kí ó yára fi kọnkéré bò ó kí àwọn ìjọba má baà dá iṣẹ́ dúró, tàbí kí ó pe oníṣòwò kan ní òru. N kò dá a lẹ́bi. A kò fi ọ̀nà kẹta hàn án: ẹni tí yóò pè, ohun tí yóò ṣe kí onítọ̀hún tó dé, àti ìdánilójú pé ẹni tó ni ilé kò ní í pàdánù owó ilẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a fi ọjọ́ mẹ́ta kọ́ gbogbo ẹgbẹ́ bíríkìlà ìlú kan. Kì í ṣe iṣẹ́ àrà. Àwọn náà ń ṣe ìpàdé oṣooṣù, wọ́n ní alága àti akọ̀wé.

Ẹ má sì rò pé bíríkìlà kò lè ga nínú iṣẹ́ yìí. Ta ló bá Susanne Wenger, oníṣẹ́ ọnà ará Austria, mọ àwọn ère ńláńlá inú igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo? Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kí ó tó di ọ̀gá nínú fífi sìmẹ́ǹtì ya ère. Igbó yẹn ni UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005. Àwọn ère náà ń sán, ọ̀rinrin odò ń jẹ irin tó wà nínú wọn, ìdóògún irin náà sì ń ti sìmẹ́ǹtì síta. Ẹni tó lè tún un ṣe ni ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe po ó, tó sì mọ ère tí òrìṣà ń bẹ nínú rẹ̀ yàtọ̀ sí ère òde ilé ìtura.

Bíríkìlà nìkan kọ́. Ẹ bá mi dé Ọ̀yọ́-Ilé. Láti nǹkan bí ọdún 1830 sí 1840 ni ìlú ńlá yẹn ti dahoro. Lónìí, inú ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀ ló wà, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1991. Odi rẹ̀ wà níbẹ̀, ọlọ wà níbẹ̀, àpáàdì wà nílẹ̀ bí ewé. Àwọn wo ló ń rìn láàárín rẹ̀ lójoojúmọ́? Àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó ni. Nítorí ẹfọ̀n àti ọdẹ tí kò ní àṣẹ ni a ṣe gbà wọ́n. Wọ́n mọ ipa ẹsẹ̀ ẹran. Wọ́n lè mọ ipa ọkọ́ ẹni tó ń wú ohun ìṣẹ̀ǹbáyé bákan náà bí ẹnì kan bá fi hàn wọ́n. Owó oṣù wọn ti wà nínú ìwé ìjọba. Ohun tó kù ni ẹ̀kọ́.

Ti Ẹrẹ́dò Ṣùńgbọ́ ní Ìjẹ̀bú tún le ju èyí lọ. Yàrà àti odi tó gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà, tí gíga rẹ̀ tó 20 mítà láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí odi níbòmíràn! Ó gba oko kọjá, ó gba igbó kọjá, ó gba ẹ̀yìnkùlé àwọn ènìyàn kọjá. Ọ̀nà ti gé e, katapílà ti kó iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀. Bí a bá gba ọgọ́rùn-ún òṣìṣẹ́, wọn kò ní í kájú rẹ̀. Àwọn baálẹ̀ àti àgbẹ̀ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò tọ́jú rẹ̀, tàbí kí ẹnikẹ́ni má tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó ń dúró ni mo ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀. Níbi báyìí, kò tilẹ̀ sí ẹlòmíràn tí a lè bá sọ̀rọ̀.

5. Ṣé kò ní í di pé gbogbo ènìyàn ń wa ilẹ̀?

Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan ti ń mi orí. Wọ́n ń sọ nínú ara wọn pé bí a bá pe bíríkìlà àti àgbẹ̀ sínú iṣẹ́ yìí, wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí wa ilẹ̀, wọn yóò sì máa ta ohun tí wọ́n bá rí. Ìbẹ̀rù yẹn nídìí. N ó fi Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ dáhùn.

Àwọn awá-ìlẹ̀kẹ̀ ti ń gbẹ́ ibẹ̀ tipẹ́ kí Leo Frobenius ará Jámánì tó dé ní 1910. Òun náà gbẹ́ ẹ. Ìlẹ̀kẹ̀ ni gbogbo wọn ń wá, orí ère ni òun tún ń wá. Ohun tí wọ́n ń jù sẹ́yìn ni ìdáàrọ́ gíláàsì tó ti yọ́ àti àfọ́kù ìkòkò tí gíláàsì lẹ̀ mọ́ nínú. Nígbà tí Abidemi Babatunde Babalola wa ibẹ̀ ní ọ̀rúndún yìí, ó rí ìlẹ̀kẹ̀ tó lé ní 12,000, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí yẹn gan-an ni ó fún un ní ẹ̀rí pé àwọn ará Ifẹ̀ ń ṣe gíláàsì fúnra wọn, wọn kò rà á lọ́wọ́ ará òkè-òkun, ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún kí àwọn Òyìnbó tó dé etíkun wa. Bí a bá ti gbá ìdọ̀tí náà nù, ọ̀rọ̀ yẹn ì bá ti parẹ́.

Kí ni èyí kọ́ wa? Pé ilé ẹ̀rọ àyẹ̀wò ṣe pàtàkì, àti ọ̀mọ̀wé tó mọ kẹ́mísìrì. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n kí ọ̀mọ̀wé tó dé, ìdọ̀tí náà ní láti wà níbẹ̀. Ẹni tó ń dúró kò nílò láti mọ kẹ́mísìrì. Ó nílò láti mọ̀ pé ìdọ̀tí yẹn ní iyì ju ìlẹ̀kẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá kọ́ èyí ni yóò tà, ẹni tó bá kọ́ ọ ni yóò ṣọ́. Àwọn tó ń wú ilẹ̀ lóru lónìí, a kò kọ́ wọn ní nǹkan kan, wọ́n sì ń wú u. Àìkọ́ni kò dáàbò bo ilẹ̀ rí.

Ìdí nìyí tí ìtumọ̀ amọṣẹ́ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan fi ní apá kejì: ẹni tó mọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ̀kọ́ tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún yìí, ìdajì rẹ̀ jẹ́ kíkọ́ ọwọ́ láti dúró jẹ́ẹ́.

6. Iṣẹ́ tí kò ní ipò

Èyí kò ní í pẹ́ mi. Àwọn ọ̀dọ́ tí a rán lọ sí òkèèrè tàbí sí Àjàṣẹ́ padà wálé, a fi wọ́n sí ọ́fíìsì, a fún wọn ní fáìlì. Kò sí ọkọ̀ tí yóò gbé wọn dé ojúko. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, àwọn kan bọ́ sí ilé ìfowópamọ́, àwọn kan lọ sí òkè-òkun. A kò pàdánù ìmọ̀ wọn nítorí àìgbọ́n wọn. Kò sí àga fún wọn lórí ilẹ̀ tí wọ́n kọ́ láti tọ́jú ni.

Owó tún wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Òfin ní kí awalẹ̀pìtàn gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba kí ó tó wa ilẹ̀. Ó dára. Mo fẹ́ kí ìwé àṣẹ yẹn béèrè ohun mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀: orúkọ ẹni tí yóò máa tọ́jú ibẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, owó ọdún márùn-ún fún onítọ̀hún, àti ẹ̀rí pé ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ ìwalẹ̀, tí ó mọ ohun tó wà nísàlẹ̀ iyẹ̀pẹ̀ tí a dà padà. Awalẹ̀pìtàn tí kò bá lè rí owó yẹn, kí ó dúró. Ilẹ̀ kò ní í sá lọ.

Ìgbésẹ̀ kan ti wà tí mo rí bí ọ̀nà tó tọ́. Láti 2015, ètò Ifẹ̀-Sungbo tí Gérard Chouin àti Adisa Ogunfolakan jọ darí ti ń wa ilẹ̀ ní Ìta Yemòó àti lẹ́bàá Ẹrẹ́dò, wọ́n sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nàìjíríà nínú kòtò gan-an. Ní Ìta Yemòó, wọ́n padà sí ojúko tí Willett ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Bí àwọn tó ṣáájú ṣe bo ilẹ̀ padà, tàbí bí wọn kò ṣe bò ó, di ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ ń fi ojú ara rẹ̀ rí. Mo fẹ́ kí irú kòtò bẹ́ẹ̀ pọ̀ sí i, kí bíríkìlà kan, ẹ̀ṣọ́ igbó kan àti àbọ́rẹ̀ kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ yunifásítì, kí wọ́n sì jọ gba ìwé ẹ̀rí.

Ẹ̀yin tí ẹ ń to ètò ẹ̀kọ́ nínú gbọ̀ngàn yìí, ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní sí yín. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni a máa ń ṣe ẹ̀kọ́ orí pápá, nítorí pé ó rọrùn láti walẹ̀ nígbà náà. Ẹ̀kọ́ ìtọ́jú kò gbọdọ̀ tẹ̀lé àkókò yẹn. Ẹ pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wá ní oṣù kẹfà, ẹ fún wọn ní bàtà òjò àti ìwé tí omi kì í rẹ, ẹ mú wọn dé ilẹ̀ àpáàdì kan tí òrùlé rẹ̀ ń jò. Kí wọ́n dúró níbẹ̀ nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kí wọ́n ya àwòrán ibi tí omi ti ń wọlé àti ibi tó ń gbà jáde. Ìyẹn ni iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kìíní. Ọ̀sẹ̀ kejì, kí wọ́n la gọ́tà.